Títọ́ Ọmọ Tí Yóò Yege: Ojúṣe Òbí Níwájú Orí Ọmọ

Ìbà Olódùmarè, Ọba ọ̀run. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ìbà gbogbo irúnmọlẹ̀. Ìbà ẹ̀yin ìyá wa. Ìbà àwọn olúwo tí wọ́n kọ́ wa, àwọn tí ó wà láyé àti àwọn tí ó ti padà sí ọ̀run. Kí ìbà wa ṣẹ.

 

Ẹgbẹ́ wa ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí òbí ṣe lè tọ́ ọmọ tí yóò yege láyé. A gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tí ń wá dáfá lọ́dọ̀ wa, láti Máfolúkù dé Ṣógúnlé, láti Ìsọlọ̀ dé Èjìgbò. Ẹnìkan á ní ọmọ òun ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ̀. Òmíràn á ní ọmọ òun kì í sùn lóru, fóònù ni ó ń wò títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹlòmíràn á fa ọmọkùnrin ọlọ́dún méjìdínlógún kalẹ̀ níwájú wa, á ní kí a fi Ifá sọ ọ́ di olówó kí ọdún tó parí. Ìdáhùn tí a máa ń fún irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ni a fẹ́ sọ ní gbangba lónìí, kí gbogbo ilé lè gbọ́.

Ta ni ọmọ tí ó yege?

Kí á tó mọ bí a ṣe ń tọ́ ọ, ó yẹ kí á mọ ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ayé òde òní, bí wọ́n bá ní ọmọ kan ti yege, ohun tí ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ilé, àti ìwé ìrìnnà òkè òkun. Àwọn nǹkan wọ̀nyí dára. Ifá kò kórìíra ọlà. Ire owó wà nínú àwọn ire tí a ń tọrọ. Ṣùgbọ́n ire owó nìkan kọ́ ni ire. Ire àlàáfíà wà, ire ọkọ tàbí aya wà, ire ọmọ wà, ire àìkú wà, tí í ṣe baálẹ̀ ọrọ̀. Ọmọ tí ó ní owó tí kò ní ojú tí yóò fi wo ìyá rẹ̀, a kò lè sọ pé ó yege. Ọmọ tí ó yege ni ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ kan dunjú, tí iṣẹ́ náà ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, tí àwọn mìíràn ń rí àǹfààní rẹ̀ jẹ, tí a sì lè dárúkọ rẹ̀ láwùjọ láìjẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ dorí kodò. Ìtumọ̀ ọmọlúàbí nìyẹn.

Ìtàn Afùwàpẹ́ ní ilé Àjàlá

Nínú Odù Ògúndá Méjì ni Ifá ti sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wá sí ayé: Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ yan orí ní ilé Àjàlá, ẹni tí ń mọ orí. A kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà síbì kankan lójú ọ̀nà. Orísèékú àti Orílèémèrè kò yà. Afùwàpẹ́ ní ti òun, òun kò lè lọ láìfojú kan baba òun. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀rúnmìlà, baba gbé Ifá kalẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀. Ẹbọ jáde, iyọ̀ àti owó ẹyọ wà nínú rẹ̀. Wọ́n rú ẹbọ náà, wọ́n sì bu apá kan fún Afùwàpẹ́ kí ó mú un dání.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti dé ilé Àjàlá ṣáájú rẹ̀. Wọn kò bá onílé. Wọn kò ní sùúrù, wọ́n wọlé, wọ́n sì fúnra wọn yan orí tí ó tóbi, tí ó ń dán, láìmọ̀ pé kò jiná dáadáa. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wá sí ayé, òjò pa wọ́n, orí náà sì ń ṣí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láyé, àtúnṣe orí ni gbogbo èrè rẹ̀ bá lọ.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ bá àgbàlagbà oníbodè kan tí ó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó kí i, ó sì fún un ní iyọ̀. Nígbà tí bàbá náà tọ́ ọbẹ̀ wò, inú rẹ̀ dùn, ó sì kọ́ ọ ní ọgbọ́n: ó ní Àjàlá jẹ gbèsè, àwọn olówó ni ó ń sá fún tí ó fi fara pamọ́ sí àjà, bí Afùwàpẹ́ bá bá a san gbèsè náà, yóò fúnra rẹ̀ bá a yan orí. Afùwàpẹ́ san án. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá irin dán àwọn orí wò, ó sì mú èyí tí ó gbó fún un. Òjò pa á títí ó fi dé ayé, orí rẹ̀ kò ṣí.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn yìí dáadáa. Ọ̀rúnmìlà kò bá ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé Àjàlá. Kò bá a yan orí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó wà nílé nígbà tí ọmọ yà, ó bi Ifá léèrè nípa rẹ̀, ó sì fún un ní ohun tí yóò mú dání lọ́nà. Gbogbo ohun tí a ní láti sọ lónìí kò ju èyí lọ: òbí kò lè yan orí fún ọmọ, ọ̀nà ni òbí lè tún ṣe fún orí ọmọ. A ó pín in sí ọ̀nà márùn-ún.

Èkínní: Ẹ mọ ọmọ yín

Láyé àtijọ́, ọmọ kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta láyé tí a ó fi ṣe ìkọsẹ̀jayé fún un, kí á lè mọ irú ẹsẹ̀ tí ó gbé wá, ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, àti iṣẹ́ tí yóò gbè é. Òbí tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí ó sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì kò ṣe nǹkan kan. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ìkọsẹ̀jayé. Wíwo ọmọ lójoojúmọ́ ni ìyókù. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ní í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Èwo ni ó ń ṣe láìjẹ́ pé a rán an? Kí ni ó ń bàjẹ́ nítorí pé ó fẹ́ mọ inú rẹ̀? Ta ni ó ń bá rìn?

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Wọn kì í ṣe onífá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò ní ẹ̀sìn. Baba wọn, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ Abeokuta Grammar School láti 1932 sí 1954. Ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀, ni ó ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n kọ owó orí ní ọdún 1947, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò nílùú ní 1949. Ilé ìbáwí ni ilé náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni ó jáde níbẹ̀. Dolupọ̀ di nọ́ọ̀sì. Olikoye di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ó sì di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ẹni tí ó mú ìtọ́jú alábọ́ọ́dé dé ọ̀pọ̀ ìgbèríko. Bẹ́kọ̀ di dókítà, ó sì jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn títí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n. Fẹlá ńkọ́? Ní 1958, ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n rán an lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí rẹ̀ kọ̀. Orin ni ó lọ kọ́ ní Trinity College of Music. Lónìí, bí a bá gba títì Agége Motor Road láti Òṣòdì lọ sí Muṣin, ọ̀nà tí Fẹlá gbé ilé rẹ̀ kà ni a ń tọ̀, gbogbo ayé sì mọ orúkọ rẹ̀. Ilé kan, ìbáwí kan, orí mẹ́rin. Ìgboyà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú jáde, ilé ni wọ́n ti rí i; iṣẹ́ tí wọ́n fi í ṣe, orí oníkálukú ni ó yàn án. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti pinnu pé dọ́kítà tàbí lọ́yà ni ọmọ yín gbọdọ̀ dà kí ó tó mọ àáfà, ẹ rọra.

Èkejì: Ẹ fún ọmọ ní àkókò, ẹ sì kọ́ ọ ní ìpele ìpele

Àwa tí a kọ́ Ifá ní ìlànà àwọn baba wa mọ̀ pé kò sí ọ̀nà àbùjá. Láàárín ọdún méje sí méjìlá ni ọ̀pọ̀ ọmọ awo ti í wọ ilé olúwo, wọ́n sì lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Ọmọ awo yóò jí kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò gbé àpò tẹ̀lé olúwo. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí a fi àfọ́kù igbá ṣe ni yóò kọ́kọ́ fi kọ́ ojú Odù. Yóò mọ Èjì Ogbè kí ó tó mọ Ọ̀yẹ̀kú Méjì, títí yóò fi dé Òfún Méjì tí ó ṣìkẹrìndínlógún. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ inú àmúlù, títí Odù yóò fi pé 256. Ohun tí a kọ́ ọ láàárọ̀, yóò kà á fún wa nírọ̀lẹ́. Bí ó bá ṣì í, a óò tún un kọ́ ọ. Olúwo kì í sọ fún un pé kò ní ọpọlọ, ohun tí ó máa ń sọ ni pé, “Tún un sọ.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni títọ́ ọmọ. Kí ọmọ ọdún mẹ́fà mọ ìkíni, kí ó sì fọ abọ́ tí ó fi jẹun. Kí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè lọ sí ìsọ̀ kí ó mú ṣẹ́ńjì pé wálé. Kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì lè se oúnjẹ tí gbogbo ilé yóò jẹ, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Kí ó tó pé ọdún méjìdínlógún, kí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó mọ̀, bí ó tilẹ̀ ń lọ sí yunifásítì. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

A mọ̀ pé Èkó kò rọrùn. Ìyá tí ń ná ọjà Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti jáde kí àkùkọ tó kọ. Baba tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ká mọ́ ojú ọ̀nà Apápá sí Òṣòdì lè wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Afùwàpẹ́ bá baba rẹ̀ nílé. Bí wákàtí kan péré ni ẹ ní lójúmọ́, ẹ má ṣe pín in pẹ̀lú fóònù. Ẹ bi ọmọ léèrè ohun tí ó kọ́, ẹ jẹ́ kí ó kà á fún yín. Ẹni tí kò mọ ìwé kà pàápàá lè gbọ́ bí ọmọ ṣe ń kàwé, bóyá ó ń já geere tàbí ó ń kọsẹ̀. Bí ẹ bá sì bá ọmọ wí, ẹ rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ọwọ́ ọ̀tún tí a fi na ọmọ, ọwọ́ òsì ni a ó fi fà á mọ́ra.

Ẹ̀kẹta: Ẹ má ṣe gba èdè àti orúkọ lọ́wọ́ ọmọ

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì lónìí, èèwọ̀ ni kí ọmọ sọ Yorùbá. Àwọn òbí rò pé èyí ni yóò jẹ́ kí ó mọ ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Èkó ni, dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní 1970, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò, wọn kò rẹlẹ̀ sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́. Ìjọba Èkó pàápàá ṣe òfin ní 2018 pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí máa kọ́ èdè Yorùbá. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí ohun ní èdè ìyá rẹ̀ ní ibi tí yóò gbé ti èdè mìíràn kà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ rí. Àwọn ọmọ wa kan ń fi Ifá inú orúkọ wọn pamọ́ nílé-ìwé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn má baà fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ sọ fún wọn pé ní 2005, àjọ UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ogún iyebíye gbogbo ayé. Ẹ sọ fún wọn pé ní 2023, ìjọba Èkó fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, kọ́ Ifá, ó sì tún kàwé. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó ní 1971, ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989, ó sì jẹ oyè Àwíṣẹ Àgbáyé. Ifá kò dí i lọ́wọ́ ìwé, ìwé kò sì gba Ifá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ń tijú ilé baba rẹ̀ kò lè dúró ṣinṣin ní ilé ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ wo àwọn tí ń bá yín tọ́ ọmọ

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Orúkọ ìlú yìí gan-an jẹ́rìí sí i. Òṣòdì Tápà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀ yìí, kì í ṣe ọmọ bíbí Èkó. Ọmọ Núpé ni. Ó dé Èkó ní kékeré, kò sí ìyá, kò sí baba lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ọba ni a ti tọ́ ọ. Nígbà tí ó dàgbà, ó di olórí ogun Ọba Kòsọ́kọ́. Ní 1851 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, Òṣòdì kò fi í sílẹ̀. Ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí wọ́n padà ní 1862, ó tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní Erékùṣù Èkó, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1868. Ayé òwò ẹrú ni ayé wọn, a kò ní kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ayé náà padà. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ọmọ tí kò ní òbí nítòsí rí ẹni tọ́ ọ, ó sì di ẹni tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú.

Igba ènìyàn ṣì ń tọ́ ọmọ ní Òṣòdì lónìí. Àwọn wo ni? Ní abẹ́ afárá, àti ní àyíká àwọn ibùdókọ̀ ńlá tí a ṣí ní 2019, ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní kíláàsì ń gbé omi inú ọ̀rá sáré tẹ̀lé mọ́tò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 kọ èyí. Ọmọ tí ń kiri níbẹ̀ ti ní olùkọ́ tí òbí rẹ̀ kò yàn fún un. Nítorí náà, ẹ yan àwọn tí yóò bá yín tọ́ ọmọ. Ẹ mọ tíṣà rẹ̀ ní orúkọ. Ẹ mọ ọ̀gá tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ ní ìtẹríba, nítorí pé iyọ̀ tí Afùwàpẹ́ fún oníbodè ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Àìmọye ọmọ tí ó mọ ìwé ni ó ti pàdánù iṣẹ́ nítorí pé kò mọ bí a ti ń kí ẹni tí ó bá lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ san gbèsè Àjàlá

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àwọn òbí kan ń sanwó kí ẹlòmíràn bá ọmọ wọn ṣe ìdánwò. Àwọn kan mọ̀ pé jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ wọn fi ra ọkọ̀, wọ́n sì ń bá a gbàdúrà sí ọkọ̀ náà. Àwọn kan ń tọ àwa babaláwo wá fún oògùn owó. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ kedere níwájú gbogbo ènìyàn: Ifá kò ní oògùn owó tí a fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn ṣe. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé òun ní in, kì í ṣe awo, apànìyàn ni, ẹ fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ tí ó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ ti yan orí tí ó ń dán tí kò jiná. Òjò ń bọ̀.

Ohun tí Ifá ní ni ẹbọ, ìbọrí àti ìtọ́sọ́nà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́. Owó tí Afùwàpẹ́ san fún gbèsè Àjàlá ni iye tí ohun rere máa ń gbà: ọdún tí a fi kọ́ṣẹ́, oorun tí a fi kàwé, ìgbádùn tí a fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òbí ní iye tirẹ̀ láti san. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó bá rí i tí baba rẹ̀ ń purọ́ fún onílé, tí ó rí i tí ìyá rẹ̀ ń dín òṣùwọ̀n gààrí kù, kò nílò olùkọ́ mìíràn nínú ìwà ìbàjẹ́. A kò lè fi ẹnu kọ́ ọmọ ní òtítọ́ kí á máa fi ọwọ́ kọ́ ọ ní èrú.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ọmọ yín. Ẹ fún un ní àkókò yín, ẹ sì kọ́ ọ ní ìpele ìpele. Ẹ fi èdè àti orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ yan àwọn tí yóò bá yín tọ́ ọ. Ẹ san iye tí ohun rere ń gbà, kí ọmọ sì rí yín bí ẹ ti ń san án. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún orí rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí a kọ́ ni yóò tún ilé náà ṣe nígbà tí a kò bá sí mọ́.

Orí àwọn ọmọ wa kò ní gba àbọ̀dè. Òjò ayé kò ní ṣí orí wọn. Ilé ayé yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọn yóò gbẹ̀yìn wa, a kò ní gbẹ̀yìn wọn. Ọdún Ifá yìí á san wá sówó, á san wá sọ́mọ, á san wá sí àìkú.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.